ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: KÍ Ẹ TÓ FI RÁNṢẸ́

*Bíbélì kíkà: Òwe 18:13, Jákọ́bù 1:19*

  

Ẹ jẹ́ ká rántí oṣù kẹjọ ọdún 2014. Ebola ti wọ Èkó. Lóru ọjọ́ kan, fóònù ń dún káàkiri Nàìjíríà: wọ́n ní ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká sì mu díẹ̀ níbẹ̀. Ìyá ń jí ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń pe àbúrò. Ìfẹ́ ló mú ọ̀pọ̀ wọn fi í ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ni! Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé, ó kéré tán, èèyàn méjì ló kú nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ẹ ò rí i pé ìfẹ́ tí kò wádìí lè pa èèyàn?

Ṣé ká wá ju fóònù nù ni? Rárá o. Fóònù yìí kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi ń jábọ̀ nípa àwọn tó ti fara kan aláìsàn. Nígbà tó di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà.

Àwa ará Ore náà mọ̀ ọ́n. Títì Èkó sí Benin gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Bí tírélà bá ṣubú dí ọ̀nà, àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú kan lè yọ awakọ̀ nínú ìyà ọjọ́ kan. Àmọ́ tó bá jẹ́ ti ọdún tó kọjá lẹ ṣì ń fi ránṣẹ́ ńkọ́?

Jákọ́bù ní kí etí wa yá ju ẹnu wa lọ. Lóde òní, àtàǹpàkò náà ti di ẹnu. Ẹyin sì lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

*Ohun tí a ó ṣe lónìí:* Kí ẹ tó fi ohunkóhun ránṣẹ́, ẹ bi ara yín:
1. Ta ló fojú ara rẹ̀ rí i?
2. Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀, níbo sì ni?
3. Bó bá jẹ́ irọ́, ta ni yóò jìyà rẹ̀?

Bí ẹ bá ti fi irọ́ ránṣẹ́ rí, ẹ padà síbẹ̀, kí ẹ tún un ṣe. Kì í ṣe ìtìjú.

*Àdúrà:* Olúwa, ṣọ́ ẹnu mi, ṣọ́ ọwọ́ mi pẹ̀lú. Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Bí ẹ bá fẹ́ fi àṣàrò yìí náà ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ kà á tán o. Ọjọ́ yóò dára fún wa.