Àtè àti Epo Ìyọ́: Àbá lórí Èdè-Ìperí fún Àwọn Ohun Àlẹ̀mọ́

1. Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá gba inú Ọjà Tuntun ní Ìlọrin kọjá yóò rí i pé orúkọ kan ṣoṣo ni ohun púpọ̀ ń jẹ́. Gọ́ọ̀mù ni èyí tí aṣebàtà fi ń lẹ ìsàlẹ̀ bàtà. Gọ́ọ̀mù ni èyí tí ọmọ ilé-ìwé fi ń lẹ ìwé. Gọ́ọ̀mù náà ni èyí tí ó wà lẹ́yìn téèpù tí oníṣòwò fi ń di páálí. Èyí tó fún ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Kò tó fún olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti ògbufọ̀, nítorí pé ọ̀kan nínú wọn a máa gbiná wàrà, òmíràn kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀.

2. Ìṣesí wọn

Bí gọ́ọ̀mù ìwé bá gbẹ ni ó tó mú ìwé. Ti bàtà, ojú méjèèjì ni a ń fi í pa. A óò sì dúró kí ohun ṣíṣàn inú rẹ̀ di afẹ́fẹ́ lọ, kí a tó tẹ̀ wọ́n pọ̀. Ti ẹ̀yìn téèpù yàtọ̀ sí méjèèjì: kì í gbẹ rárá. Títẹ̀ lásán ni ó fi ń mú nǹkan, láìlo omi, láìlo iná.

Ọ̀nà kan tí a fi ń ṣe é ni pé kí a yọ́ rọ́bà àti oje igi páìnì nínú tólúìnì tàbí hẹ́sénì, kí a tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sórí bébà tàbí ike, kí a sì gbé e gba inú ààrò kọjá kí ohun ṣíṣàn náà lè lọ tán. Nítorí náà, ẹni tí ó ra téèpù kì í bá ewu rẹ̀ pàdé. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ni ó ń bá a pàdé. Ní 1925, Richard Drew ti iléeṣẹ́ 3M ní Amẹ́ríkà ṣe irú téèpù báyìí fún àwọn tí ń kun ọkọ̀. Ní 1930, èyí tí ó mọ́ gaara tẹ̀ lé e. Lónìí, a ń lò ó fún dídi ẹrù, fún wáyà iná, fún àmì ara ọjà àti fún ojú ọgbẹ́.

3. Àtè

Ohun tí kì í gbẹ, tí ó ń mú ohun tí ó bá fara kàn án, kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Àwọn tí ń dẹ ẹyẹ ń fi oje igi ṣe àtè, wọ́n a sì fi í pa ẹ̀ka igi. Bí ẹyẹ bá bà lé e, ó há. Ìfẹ̀lójú ìtumọ̀ ni yóò sọ ọ̀rọ̀ yìí di èdè-ìperí. Kí òǹkọ̀wé má ṣe fi àmì sí abẹ́ e rẹ̀, kí ó má baà di àtẹ tí a ń pa ọjà lé.

4. Omi tàbí epo?

Ohun tí ń yọ́ rọ́bà ni ó ṣòro jù láti sọ lórúkọ. "Omi ìyọ́" ni ó kọ́kọ́ ń wá síni lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó lè ṣini lọ́nà, nítorí pé omi ni a mọ̀ tí ń pa iná. Tólúìnì a máa gbiná. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, ó sì lè rá pálá nílẹ̀ dé ibi tí iná wà. Bí a bá bu omi sí i nígbà tí ó ń jó, yóò léfòó, iná náà yóò sì tàn. Fífa á símú lè pa ènìyàn. Inú epo rọ̀bì ni a ti ń mú tólúìnì àti hẹ́sénì jáde. "Epo ìyọ́" sì ń rán ẹni tí ó gbọ́ ọ létí iná.

5. Àbá

Àlẹ̀mọ́: orúkọ gbogboogbò.
Gọ́ọ̀mù: àlẹ̀mọ́ tí ó gbọ́dọ̀ gbẹ kí ó tó múlẹ̀.
Àtè: àlẹ̀mọ́ tí kì í gbẹ, tí títẹ̀ lásán ń mú ṣiṣẹ́.
Àtè elépo-ìyọ́: èyí tí a fi epo ìyọ́ ṣe.
Àtè àfomipò: èyí tí a pò mọ́ omi, kì í yọ́ nínú rẹ̀.
Àtè àfináyọ́: èyí tí iná nìkan ń yọ́.

6. Àgbálọgbábọ̀

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìkìlọ̀ ara ọ̀pọ̀ agolo gọ́ọ̀mù bàtà. Bí ògbufọ̀ bá kọ "epo ìyọ́ wà nínú rẹ̀" sí i, ọmọ iṣẹ́ tí ó jókòó ti agolo náà yóò mọ̀ pé kò yẹ kí òun ṣáná níbẹ̀.