Ẹ̀kọ́ fún Awakọ̀: Kí Ni Àwòrán Orí Pátákó Oníná Ń Sọ?

Ẹni tó bá wa mọ́tò láti Harrow Manorway, tó gba Erith lọ bọ́ sí M25, yóò rí pátákó oníná lókè títì. Àwòrán àti nọ́ńbà ló sábà máa ń wà lórí wọn. Mọ́tò tó ń sáré máìlì 70 ní wákàtí kan ń lọ tó mítà 31 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ronú ìtumọ̀ àwòrán kan, ẹ ti kọjá mítà 90. Nítorí náà, ilé ló yẹ ká ti kọ́ ọ.

1. Àmì onígun mẹ́ta tí etí rẹ̀ pupa: ìkìlọ̀ ni. Bí mọ́tò bá tò tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà níwájú. Ẹ rọra.

2. Nọ́ńbà nínú òrùka pupa: òfin ni. Ẹ má ṣe kọjá a.

3. Nọ́ńbà tí kò ní òrùka: ìmọ̀ràn ni, ṣùgbọ́n ewu lè wà níwájú. Ẹ gbà á.

4. X pupa: wọ́n ti ti lẹ́ènì yẹn. Ẹ kúrò níbẹ̀, bó tilẹ̀ ṣófo. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bàjẹ́ lè dúró síwájú.

Láti oṣù kẹfà 2019 ni kámẹ́rà ti lè mú ẹni tó bá gba abẹ́ X kọjá: £100 àti pọ́íǹtì 3. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ẹ̀ẹ̀mejì, pọ́íǹtì 6. Ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì tó yege ìdánwò rẹ̀ yóò pàdánù láísẹ́ńsì, yóò sì tún gbogbo ìdánwò ṣe. Ẹni tó ti wakọ̀ ogún ọdún l'Ékòó náà wà nínú rẹ̀ o, torí oṣù 12 péré ni láísẹ́ńsì Nàìjíríà fi wúlò fún ẹni tó wá fìdí kalẹ̀ níbí. Lẹ́yìn ìyẹn, awakọ̀ tuntun ni. Bí mọ́tò bá sì ni ẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́ òru ńkọ́?

Ìdánrawò: ẹ ṣí Highway Code, kí àwọn ọmọ fọwọ́ bo ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán, kí wọ́n bi yín ní ìbéèrè. Orúkọ àmì nìkan kò tó. Ẹ sọ ohun tí ẹ máa ṣe.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ọ̀nà á là o.