Ṣíṣe Àbẹ̀wò sí Ilé Ìjọsìn Aládùúgbò Wa: Ẹ̀kọ́ Kan láti Erékùṣù Èkó

Bíbélì kíkà: Ìṣe Àwọn Àpósítélì 17:16–34

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ yín kì í ṣe èyí tí mo tètè mọ̀.

Ní ọdún tí mo jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, ṣaláìsí. Àwọn ni wọ́n san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi níhìn-ín fún ọdún méjì. Nígbà tí a gbé òkú wọn dé iwájú mọ́ṣáláṣí, mo dúró sí òdìkejì ọ̀nà, nítorí mo rò pé bí mo bá súnmọ́ ibẹ̀, mo ti sẹ́ Kristi. Ọmọ wọn ọkùnrin, tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, wò mí lẹ́ẹ̀kan, kò sì sọ̀rọ̀. Ní ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ìyá mi sùn nínú Olúwa. Ọkùnrin yìí kan náà jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin rẹ̀. Kò kọrin, kò kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà pẹ̀lú wa. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé: èwo nínú àwa méjèèjì ni ó mọ ohun tí ó ń ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a wo Pọ́ọ̀lù ní Átẹ́nì. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ nítorí àwọn òrìṣà ìlú náà. Kò fi èyí pamọ́. Síbẹ̀, kò dúró sí òdìkejì ọ̀nà. Ó rìn láàrin wọn, ó kíyèsí ohun tí wọ́n ń bọ, ó ka ohun tí a kọ sí ara pẹpẹ wọn, ibẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù rẹ̀. Ẹni tí kò kọ́kọ́ wò, kò ní ohun tí yóò sọ.

Ní Erékùṣù Èkó, a lè fi ẹsẹ̀ rin ẹ̀kọ́ yìí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Mo ti kó àwọn ọ̀dọ́ ìjọ lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Kàtídírà Kristi ní Marina ni a fi ń ṣáájú. Ní 1925 ni a fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé tí ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí lélẹ̀. 1946 ni a sì parí rẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti ń ṣe ìrántí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, tí ó rí ìdáǹdè, tí ó kàwé ní ilẹ̀ Sàró, tí a sì fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864.

Láti ibẹ̀, a ó rìn dé òpópónà Martins, níbi tí Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey wà. Oníṣòwò ni Mohammed Shitta Bey tí ó kọ́ ọ. Waterloo, ní ilẹ̀ Sàró kan náà, ni àwọn òbí rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ Yorùbá bí i sí. Ní 1844 ni ìdílé rẹ̀ padà wá sí Àgbádárìgì. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845 ni Crowther náà gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì gbà dé ilé.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1894 ni a ṣí mọ́ṣáláṣí náà. Gómìnà Carter wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Edward Blyden, ẹni tí ó ti jẹ́ àlùfáà Presbyterian rí. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà, ni ó ya àwòrán ilé náà. Ẹ gbọ́ ìtumọ̀ João Baptista ní èdè Potogí: Jòhánù Onítẹ̀bọmi ni! Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ti àwọn Kátólíìkì ní Holy Cross, tí kò jìnnà síbẹ̀. Àwọn tí oko ẹrú ti fọ́n ká ni wọ́n padà wá kọ́ ilé fún Ọlọ́run lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ẹni tí yóò ṣe irú àbẹ̀wò yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ lèmọ́mù tàbí alábòójútó. Ẹ bọ́ bàtà ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Kí àwọn ọmọbìnrin bo orí. Ẹ má ṣe kọjá níwájú ẹni tí ó ń kírun, ẹ má sì ya fọ́tò láìgba àyè. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ láti lóye, kì í ṣe láti jiyàn.

Ẹnìkan lè wí pé: ṣé gbogbo ìsìn ti wá di ọ̀kan náà lójú àlùfáà yìí? Rárá o. Jésù Kristi ni Olúwa mi, n kò sì ní ẹlòmíràn. A kì í bá wọn kírun, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò ti bá wa kọrin. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn di ìgbàgbọ́ rẹ̀ mú, ọ̀tọ̀ ni kí ó kọ ẹ̀yìn sí ẹni tí ó ṣe é lóore. Ìbẹ̀rù ni mo pè ní ìgbàgbọ́ ní ọjọ́ ìsìnkú náà.

Mo ti tọ ọkùnrin náà lọ, mo sì ti bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbàgbé. Mo mọ̀ pé kò gbàgbé, ṣùgbọ́n ó mú mi lọ sí ibojì bàbá rẹ̀, a sì jọ dúró níbẹ̀.

Fún ìjíròrò:
1. Kí ni Pọ́ọ̀lù rí ní Átẹ́nì kí ó tó sọ̀rọ̀?
2. Ta ni ó ṣe ọ́ lóore rí tí ìsìn rẹ̀ yàtọ̀ sí tìrẹ? Báwo ni o ṣe bọ̀wọ̀ fún un?
3. Báwo ni a ṣe lè mọ ìyàtọ̀ láàrin ìgbàgbọ́ àti ìbẹ̀rù?

Kí Olúwa bùkún ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí ó sì fún wa ní ìgbàgbọ́ tí kì í bẹ̀rù aládùúgbò. Àmín.