Ẹ̀KỌ́ ÒWÒ: BÍ A ṢE Ń POLÓWÓ ỌJÀ LÓRÍ GOOGLE LÁÌ FI OWÓ ÒWÒ ṢÒFÒ

 

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Láyé àtijọ́, ohùn wa la fi ń polówó, ẹni tó bá ń kọjá ló ń gbọ́. Lóde òní, kí oníbàárà tó jáde nílé rẹ̀ ní Ìkòròdú tàbí Súrùlérè, á ti tẹ ohun tó ń wá sínú fóònù. Google á to àwọn tó ń tà á fún un, ẹni tó bá sanwó sì lè wà lókè. Ọdún 2000 ni Google bẹ̀rẹ̀ irú ìpolówó yìí. Láti 2018 ni wọ́n ti ń pè é ní Google Ads. A fẹ́ kọ́ ọ nítorí pé ó lè mú ọjà yá, ó sì lè jẹ ojú owó tán pátápátá.

BÓ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ẹni tó rí ìpolówó yín tó kọjá lọ, ẹ kò ní san kọ́bọ̀ lé e lórí. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ máa sanwó fún, bó rà, bí kò rà. Ó dà bí ìgbà tí a ń sanwó lórí gbogbo ẹni tó bá yọjú sí ṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà, iṣẹ́ wa ni pé kí ẹni tí kò ní rà má yọjú rárá.

Ẹ̀yin aláta, ẹ fi owó yín pamọ́: ẹni tó fẹ́ se ọbẹ̀ alẹ́ kì í wá ata lórí Google. Àmọ́ ẹni tó ń ta wíìgì, aṣọ òkè, jọ́tà àti báàgì òde ìnáwó, ó lè bá a mu. Àwọn oníkáàdì ìkésíni náà ńkọ́? Gbogbo Èkó ló mọ Ṣómólú sí ibi ìtẹ̀wé. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ.

Èkíní, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa yàn. Ẹ má yan “card” lásán. Ẹni tó ń wá káàdì báńkì á tẹ̀ yín, ẹni tó ń wá káàdì fóònù á tẹ̀ yín. Ẹ yan ọ̀rọ̀ ẹni tó ti gbówó dání: “wedding invitation card printing Shomolu”. Ẹ há a mọ́ àárín àmì méjèèjì bí ẹ ṣe rí i yìí, kí Google má baà fẹ̀ ẹ́ jù.

Èkejì, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa lé. Ààyè wà láti kọ èyí tí ẹ kò fẹ́: “free”, “template”, “job”. Ẹni tó ń wá ọ̀fẹ́ tàbí iṣẹ́ oṣù kì í ṣe oníbàárà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wo ohun tí àwọn tó wọlé ń wá gan-an, kí ẹ lé èyí tí kò dáa.

Ẹ̀kẹta, ibi. Ẹ mú Èkó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Google lè fi han ẹni tó wà ní Kánò tó kàn ń bèèrè nípa Èkó. Ẹ yí i sí kìkì àwọn tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, owó ojúmọ́. Bí ẹ bá kọ ₦2,000, Google lè ná tó ₦4,000 lọ́jọ́ kan tí ọjà gbóná, ṣùgbọ́n kò ní ju ₦60,800 lọ lóṣù. Ẹ mọ̀ ọ́n ṣáájú, kó má baà já yín láyà.

Ẹ̀karùn-ún, ẹni tó máa gbé fóònù. Ẹ jẹ́ kí ìpolówó máa jáde ní wákàtí tí ṣọ́ọ̀bù ṣí nìkan. Ìpè aago mọ́kànlá òru tí ẹnikẹ́ni ò gbé, owó gbé ni. Kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ kì í ṣe káàdì tí kò pé 100. Ẹni tó fẹ́ mẹ́wàá á bá tirẹ̀ lọ láìtẹ̀ yín.

ÌṢIRÒ

Ká ní ẹni kan tó tẹ̀ ẹ́ jẹ́ ₦50. ₦2,000 á mú èèyàn 40 wá. Bí ẹnì kan péré bá rà, tí èrè orí rẹ̀ jẹ́ ₦1,500, ẹ ti pàdánù ₦500, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà tà. Bí ẹni méjì bá rà, ₦1,000 ló wọlé. Ẹ ra ìwé kékeré, ẹ máa bi gbogbo ẹni tó bá pè pé: “Níbo lẹ ti rí wa?” Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá tí ìṣirò ò dúró, ẹ dá ìpolówó dúró. Ìgbàkígbà lẹ lè dá a dúró.

Ẹ ṢỌ́RA O

Ẹni tó bá ní òun á fi yín sókè Google títí láé, irọ́ ló ń pa. Gbogbo ìgbà tí èèyàn bá wá nǹkan ni Google ń ṣe gbàǹjo tuntun. Kì í sì í ṣe owó nìkan ló ń wò. Ó ń wò bóyá ìpolówó bá ohun tí oníbàárà ń wá mu. Bí ọmọ kan bá ń bá yín ṣe é, ímeèlì tiyín ni kó fi ṣí i. Káàdì báńkì àti nọ́ńbà àṣírí kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín. Bí ọmọ náà bá lọ, iṣẹ́ yín ò ní bá a lọ.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ rárá, ẹ kọ́kọ́ fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù, àdúgbò, wákàtí àti àwòrán ọjà yín sórí Google Business Profile. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó ń wá yín á rí yín níbẹ̀.

A ò ní nájà àdánù o. Àṣẹ.

Akọ̀wé ẹgbẹ́