ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Èbúté Tí Kò Sí Létí Òkun

Èbúté ni ibi tí ọ̀nà ìrìnnà kan ti ń pàdé òmíràn: ẹrù ń sọ̀ níbẹ̀, oníṣòwò ń sinmi, ìlú sì ń gbèrú. Ohun tó sọ àwọn ìlú àtijọ́ etí Òkun Mẹditaréníà, bíi Tripoli, di ìlú ńlá nìyẹn. Orílẹ̀-èdè Niger kò ní etíkun, ṣùgbọ́n ó ní èbúté. Aṣálẹ̀ Sàhárà ni òkun rẹ̀, ràkúnmí sì ni ọkọ̀ rẹ̀.

Àpẹẹrẹ: Agadez

Bí o bá ti Niamey, olú-ìlú Niger, lọ ṣèbẹ̀wò sí Agadez, wo nǹkan mẹ́ta:

1. *Ọ̀nà:* Ìlú náà wà ní etí gúúsù Sàhárà. Àwọn oníràkúnmí tó ń kó iyọ̀ bọ̀ láti ìlú Bilma máa ń dúró síbẹ̀.
2. *Àdúgbò:* Mọ́kànlá ni àdúgbò àtijọ́ rẹ̀. Ààlà ibùdó àwọn ẹ̀yà Tuareg, tí wọ́n fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún àti ìkẹrìndínlógún, ni òpópónà rẹ̀ ṣì ń tẹ̀ lé.
3. *Ilé:* Bíríkì amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé gogoro mọ́ṣáláṣí rẹ̀, tó ga ní mítà 27.

Ní ọdún 2013, àjọ UNESCO fi àárín ìlú àtijọ́ náà sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé.

Dán ara rẹ wò: Lo ọ̀nà, àdúgbò àti ilé láti ṣàlàyé bí òwò ṣe sọ Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, di ìlú ìtàn.