Ẹ Má Fi Ọ̀dà Bo Ògiri Tí Ó Bu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá; síbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe gan-an nìyẹn nígbà tí ògiri yàrá bá bu, tí ó yọ àmì dúdú tóótòòtó lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, tí a sì sáré gbé ọ̀dà lé e, nígbà tí omi tí ó bí i ṣì ń rin nínú ògiri.

Ní Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, Awaab Ishak, ọmọ ọdún méjì, ọ̀ṣọ́ ilé, èrè ayé àwọn òbí rẹ̀, jáde láyé. Láti 2017 ni bàbá rẹ̀ ti ń ké sí àwọn tí ó ni ilé nípa ògiri wọn tí ó bu, ìmọ̀ràn tí wọ́n sì fún un ni pé kí ó kùn ún lọ́dà. Wọ́n tilẹ̀ di ẹ̀bi ru ìdílé náà, pé bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ni ó fà á. Ọ̀rọ̀ àbùkù gbáà! Ní 2022, adájọ́ tí ń wádìí ikú là á mọ́lẹ̀ pé ògiri bíbu yìí ni ó ba ọ̀nà èémí ọmọ náà jẹ́ tí ó fi kú. Òfin tí a fi orúkọ rẹ̀ pè ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti oṣù Kẹwàá 2025: dandan ni fún àwọn onílé kánsù àti irú wọn láti yẹ irú ògiri bẹ́ẹ̀ wò láàrin ọjọ́ iṣẹ́ 10 tí wọ́n bá ti gbọ́ nípa rẹ̀.

Ohun tí ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe. Àwọn ènìyàn wa kún ilé kánsù ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Eruku tí ojú kò rí ni ògiri náà ń tú sáfẹ́fẹ́, tí ń mú ni sín, tí ń mú ojú yún ni, tí ó sì ń tún ikọ́ sémìísémìí gbé dìde. Ọmọ ọwọ́ àti arúgbó ni ó ń bá jà jù.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ wá ẹnu ọ̀nà omi: páànù tí ń jò, páìpù tí ń kán, aṣọ tútù tí a sá sí yàrá, ìkòkò tí ń hó láìlọ́mọrí lẹ́yìn fèrèsé títì. Ohun tí ó bá tutù, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ kí ọjọ́ méjì tó pé. Ibi kékeré tí ó bu, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú. Tìmùtìmù tí ó bu, ẹ sọ ọ́ nù. Ayálégbé, ẹ kọ̀wé sí onílé, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí ikọ́ ọmọ yín kò bá sì lọ, ẹ gbé e tọ dókítà lọ, kí ẹ má sì gbàgbé láti sọ fún un nípa ògiri yàrá tí ọmọ náà ń sùn sí.