Ẹ́ńjìnnì tí ń Yí tí kò Jí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Òwe yìí wúlò fún awakọ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti wúlò fún ẹni tí ó jókòó ti oúnjẹ. Nítorí ọ̀pọ̀ owó ni ènìyàn ti ná sórí ọkọ̀ tí kò jí, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun kékeré ni ó ń ṣe é.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, awakọ̀ kan di apẹ̀rẹ̀ tòmátì kún inú ọkọ̀ rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ó fẹ́ gbé e lọ sí Ìbàdàn. Ìyá tí ó ni ẹrù ti jókòó níwájú. Awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí kíkankíkan, ṣùgbọ́n kò jí. Ó tún yí i, ó tún yí i, títí ohùn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí falẹ̀. Oòrùn ń mú, tòmátì sì ń rọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó dúró yí wọn ká ń dá ìmọ̀ràn. Ọ̀kan ní bátìrì ni ó kú. Èkejì ní kí ó ra púlọ́ọ̀gì tuntun. Ẹ̀kẹta ní kí ó pààrọ̀ pọ́ǹpù epo.

Ìyá náà ní, “Ọmọ mi, bí ẹrù yìí bá sùn síhìn-ín, owó olówó ni yóò bá a ṣègbé.”

Awakọ̀ dáhùn pé, “Ẹ fara balẹ̀, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n pe mẹkáníìkì.”

Nígbà tí mẹkáníìkì dé, ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ní kí awakọ̀ ṣíwọ́ kọ́kọ́rọ́ yíyí. Sítátà tí ń yí ẹ́ńjìnnì a máa gbóná, a sì máa fa agbára bátìrì tán. Kò yẹ kí a yí i ju bí ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ lẹ́ẹ̀kan, kí a sì jẹ́ kí ó sinmi kí a tó tún un yí. Ó ní bátìrì tí ó kọ́kọ́ yí ẹ́ńjìnnì kíkankíkan kì í ṣe òkú bátìrì.

Ohun mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì tí ń lo bẹntiróò ń fẹ́ kí ó tó jí: epo, iná àti afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ ń gba inú fílítà wọlé, ó ń dàpọ̀ mọ́ epo. Písítìnnì ń fún àdàlù náà mọ́ra, púlọ́ọ̀gì sì ń ta iná sí i ní àkókò tí ó yẹ. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ìyókù kò lè dá iṣẹ́ ṣe. Bí epo bá ń dé tí iná kò ta, púlọ́ọ̀gì yóò tutù, òórùn bẹntiróò yóò sì máa jáde. Bí epo kò bá dé, púlọ́ọ̀gì yóò gbẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó lè jẹ́ pé bẹ́líìtì tí ń mú písítìnnì àti fáàfù rìn pọ̀ ni ó já. Kí a má ṣe yí i mọ́, kí wọn má baà gbá ara wọn.

Mẹkáníìkì kò gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ tí ń tọ́ka sí ìwọ̀n epo; ó mi ọkọ̀ náà, ó sì gbọ́ bí epo ti ń dún nínú táńkì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, inú táńkì ni pọ́ǹpù epo wà. Bí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́ láì tíì yí ẹ́ńjìnnì, yóò kùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ó tẹ́tí sílẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹlòmíràn ìbá ti ránni lọ ra pọ́ǹpù. Ṣùgbọ́n àpótí fúúsì ni ó ṣí, ó sì rí i pé fúúsì pọ́ǹpù ti jó. Ó fi òmíràn tí agbára rẹ̀ bá a dọ́gba sí i. Pọ́ǹpù kùn, ẹ́ńjìnnì sì jí.

Awakọ̀ fẹ́ máa lọ, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì dá a dúró. Ó ní, “Fúúsì kì í déédéé jó.” Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó tú okùn bátìrì, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì bá wáyà kan tí irin ti bó lára. Ó wé e dáadáa, ó sì so ó jìnnà sí irin náà. Bí ó bá ṣe pé wáyà lásán ni ó fi dípò fúúsì, gẹ́gẹ́ bí àwọn mìíràn ti máa ń ṣe, ọkọ̀ náà ìbá lè gbiná lójú ọ̀nà, ti òun ti èrò inú rẹ̀.

Tòmátì dé Ìbàdàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Fúúsì kan ṣoṣo ni awakọ̀ rà. Sùúrù àti ìwádìí ni ó gbà á lọ́wọ́ ìnáwó ìyókù.

Ìbéèrè
1. Àwọn ohun mẹ́ta wo ni ẹ́ńjìnnì bẹntiróò ń fẹ́ kí ó tó jí?
2. Kí ni mẹkáníìkì fi mọ̀ pé bátìrì kọ́ ni ó fa ìdádúró náà?
3. Èéṣe tí kò fi jẹ́ kí awakọ̀ lọ ní kété tí ẹ́ńjìnnì jí?